Bí Mo Ṣe Wọ Igbó Àyípo Nítorí Odò Olómitútù

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́yìn yẹn, nítorí ohùn mi ò lọ sókè bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, mi ò sì ní í tún ọ̀rọ̀ yìí sọ fún ẹni tí kò bá gbọ́. Èmi ni Ọdẹ́níran, ọdẹ ìlú Agbédò. Mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí bí mo ṣe ń jí àti bí mo ṣe ń pọ́n àdá mi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ẹtu tí mo ti pa, kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹtu tó kù, orúkọ mi ni wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọ wọn tí kò bá fẹ́ sùn. Ìrìnàjò kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ, èyí tó mú kí èmi tí mo ti tẹjú mọ́ ẹkùn títí ẹkùn fi gbójú sílẹ̀, sáré fún obìnrin kan tí kò ní imú.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, Odò Olómitútù tó gba ẹ̀yìn ìlú wa kọjá ṣàìsàn. Omi tó mọ́ débi pé èèyàn lè dúró sí bèbè kó máa wo òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀, òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í di ewé. Ó kọ́kọ́ dà bíi pé ẹnì kan da ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ sí i. Nígbà tó yá, ó ki bí ilá, ojú oró sì bo òkè rẹ̀ pátápátá, débi pé àgbébọ̀ adìẹ ìyàwó mi rò pé ilẹ̀ ni, ó rìn lọ sórí rẹ̀ pẹ̀lú ìgboyà, a ò sì rí adìẹ náà mọ́ títí di òní. Lẹ́yìn adìẹ ló wá kan ẹja. Ẹja ń yí ikùn funfun sókè, àwọn ńlá ń kú, àwọn kékeré ń kú, òórùn rẹ̀ sì gba ìlú kan. Àyọ̀ká ìyàwó mi, ẹja yíyan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó jókòó ti ààrò tútù, ó ní, “Bàbá Títílọlá, ẹja yìí ti kú kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí mo bá tà á fún èèyàn, wọ́n á ní èmi ni mo pa ẹja, wọ́n á tún ní èmi ni mo pa ẹni tó jẹ ẹ́.”

Ìlú wá ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́bi, kò sì pẹ́ kí wọ́n tó rí i. Ìyá àgbà kan wà tó ń gbé létí odò, Ìyá Ẹfúnyẹmí, iṣẹ́ ìkòkò mímọ ló ń ṣe, ẹrẹ̀ odò ló sì ń bù lójoojúmọ́ fún iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ibi tó ti ń bu ẹrẹ̀ ló ti ń sin oògùn sómi. Baálẹ̀ Adégoróyè pe ìpàdé, ó tún fìlà ṣe, ó sì bi í pé, “Ìyá, kí lẹ̀ ń fi ẹrẹ̀ odò wa ṣe?”

Ìyá náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. “Mo fi ń mọ ìkòkò tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ yín ni, Baálẹ̀. Tó bá jẹ́ pé májèlé ni, inú yín yẹn ì bá ti wú jù báyìí lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ ibi tó tún fẹ́ wú dé.”

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè ran ẹni tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní kó tó di ọjà ńlá tó ń bọ̀, kí ìyá kó ìkòkò rẹ̀ kó máa lọ. Ẹni tó pariwo jù níbẹ̀ ni Ọlátẹ́jú, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ẹni tí oko àgbàdo rẹ̀ tóbi jù ní gbogbo àgbègbè wa. Àna mi ni, ẹ̀yin èèyàn. Mo lè wo ẹkùn lójú, mi ò lè wo àna mi. Ṣùgbọ́n Ìyá Ẹfúnyẹmí ló gbẹ̀bí Títílọlá ọmọ mi lọ́jọ́ tí ìkún omi ò jẹ́ kí a dé ilé ìwòsàn, ara mi ò sì gbà á kí n jókòó máa wòran. Mo dìde, mo ní, “Baálẹ̀, ẹ fún mi láyè kí n lọ wo orísun odò yìí nínú Igbó Àyípo. Tí mi ò bá rí nǹkan kan mú bọ̀ kọ́jọ́ ọjà tó pé, kí ẹ ṣe bí ẹ bá ṣe fẹ́.” Baálẹ̀ gbà, nítorí kò sẹ́ni tó ti wọ Igbó Àyípo tó bọ̀ rí, mo sì rò pé inú rẹ̀ dùn sí i díẹ̀.

Ọ̀nà oko ni mo gbà, mi ò tọ odò, kí n lè tètè dé. Bí mo ṣe wọ igbó náà, mo bá àwọn ọkùnrin méjì kan lójú ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ̀ tó ilé. Wọn kò ní àwọ̀ rárá, mò ń rí igi lẹ́yìn wọn gba inú wọn kọjá. Apá mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ní, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sì fi di ara wọn mú gírígírí. Mo rò pé ìjà ni wọ́n ń jà. Èmi tí mo ti fi ọwọ́ lásán la ìnàkí méjì níjà, kí ni mo fẹ́ dúró wò? Mo bọ́ àpò sílẹ̀, mo di apá kan mú, mo fà. Mo fi ẹsẹ̀ ti ikùn ọ̀kan, mo fà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo fi èèkù àdá ṣe agbára sí àárín wọn títí ìbàdí mi fi ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Wọn ò tilẹ̀ mì.

Ọ̀kan nínú wọn bojú wolẹ̀, ó ní, “Ṣé o ti ṣe tán?”

“Ta lẹ̀yin?” Mo ti ń mí gúlegúle.

“Àwa la máa ń wọlé rẹ lójoojúmọ́ tí o kò fún wa ní àga jókòó rí,” ni èkejì wí. “A ń gba imú rẹ wọlé, a ń gba imú rẹ jáde. O kò kí wa rí, a ò sì bá ọ jà.”

“Ṣé afẹ́fẹ́ ni yín?”

“Àwa la pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́. Díẹ̀ tó kù yẹn ni ìwọ fi ń mí, àwa kàn ń sìn ín wá ni. Àwọn onímọ̀ ń pè wá ní náítírójìn, ṣùgbọ́n ìwọ lè pè wá ní Ìbejì Alápámẹ́ta. Kò sí ewé tó lè tutù láìsí wa, kò sí ẹran tó lè hù sí egungun rẹ láìsí wa. Ṣùgbọ́n bí a ṣe di ara wa mú yìí, kò sẹ́ni tó lè jẹ wá. Igi ń kú lébi láàárín wa, a ń wò ó.”

Mo ní, “Ahun lèyí.”

“Kì í ṣe ahun,” ni àwọn méjèèjì wí pọ̀, ojú sì tì wọ́n díẹ̀. “A fẹ́ràn ara wa ni.”

Mo bi wọ́n pé ta ló wá lè tú wọn. Wọ́n ní Mànàmáná lè tú wọn, tó bá ń bínú. Àwọn kékeré abẹ́ gbòǹgbò náà lè tú wọn, àwọn yẹn kì í sì í bínú rárá. “Àti ẹ̀yin èèyàn,” ni ọ̀kan fi kún un. “Kò tíì pẹ́ tí ẹ kọ́ ọ. Ẹ kọ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá, ẹ fi iná jó wa, ẹ fi irin tẹ̀ wá mọ́lẹ̀ títí a fi jára wa sílẹ̀, ẹ wá rọ wá sínú àpò.” Nígbà tí mo gbọ́ àpò, ọkàn mi sáré lọ sí àwọn àpò funfun tó kún ilé àna mi, ṣùgbọ́n mo yára pè é padà. Mi ò tíì jẹun, ebi ò sì dára láti fi fura sí àna.

Wọ́n ní kí n tó kọjá, mo gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè kan. “Ta ló pa odò yín, ẹni tó fi oúnjẹ dù ú ni, àbí ẹni tó bọ́ ọ?”

“Ẹni tó fi oúnjẹ dù ú ni,” ni mo wí. Ta ni kò mọ ìyẹn?

Ìbejì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ kọ́kọ́ di igi mú. Ẹ̀rín náà gbé mi sókè ju orí ìrókò lọ, mo rí ẹ̀yìn ẹyẹ láti òkè, ó wá ju mí sínú igbó òtílí kan, irú ẹ̀wà tó máa ń di igi yẹn, tó hù fúnra rẹ̀. Mo di òtílí mú kí n má baà já lulẹ̀ pátá, òtílí náà sì fà tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò.

“Ọdẹ, o wó ilé mi.”

Mo wò yíká, mi ò rí ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí mo dojú bolẹ̀ ni mo rí i pé gbòǹgbò náà ní kókó wínníwínní lára bí ẹni tí ẹ̀fọn jẹ, àwọn kókó tó fọ́ sì pọ́n nínú. Láti inú ọ̀kan ni obìnrin kan ti jáde, kò tó iná orí ní títóbi, àwọn èèyàn rẹ̀ sì tẹ̀ lé e, wọ́n pọ̀ ju eèrà lọ, wọ́n gbọ́wọ́ lé ìbàdí. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo sọ ìdí tí mo fi wá. Olórí wọn gbọ́ orúkọ Ìbejì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Àwọn alára ńlá yẹn? A máa ń tú wọn kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná. A kì í lo iná, a kì í lo irin. Apá kan, apá kan, jẹ́jẹ́. A ń kó wọn fún òtílí, òtílí ń fún wa ní ohun dídùn láti ara ewé rẹ̀. Ẹ̀wà, ẹ̀pà, gbogbo wọn là ń bá ṣe é. Tí òtílí bá sì wó, tó jẹrà, àgbàdo tó bá hù síbẹ̀ á jẹ nínú rẹ̀. Àwọn bàbá rẹ mọ̀ ọ́n, wọ́n ń gbin ẹ̀wà sáàárín àgbàdo. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í da ohun inú àpò sílẹ̀, iṣẹ́ ti ń bọ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ̀wà tí ẹ bá da á sí lẹ́sẹ̀ kì í pè wá mọ́. Yóò ní òun ti yó.”

Mo káàánú wọn tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n mo ní ọ̀nà lọ. Mo bi wọ́n pé kí ni owó ìtanràn ilé tí mo wó. Mo na ẹran gbígbẹ sí wọn, wọn ò fẹ́. Mo na ìwo ẹ̀tù ìbọn mi, olórí wọn gbóòórùn rẹ̀, ó sún sẹ́yìn. “Ìbejì wà nínú èyí náà. Ṣé ibi gbogbo lẹ̀ ń kó wọn sí ni?” Ó ronú díẹ̀, ó wá nawọ́ sí koríko kan tó ti pọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. “Aládùúgbò wa yìí ń jí oúnjẹ wa jẹ torí ebi ń pa á. San án fún un. Ohun tí o ti ń dì mú láti àárọ̀, ó wúlò fún un.”

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí mo ti wà lókè ìrókò ni ìtọ̀ ti ń gbọ̀n mí. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì san ìtanràn náà láìku nǹkan kan. Koríko gbórí sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n tún máa bọ̀. Nínú gbogbo àlejò tí mo ti ṣe láyé mi, kò síbi tí wọ́n ti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ rí.

Olórí àwọn kékeré wá júwe ọ̀nà fún mi. “Àwa là ń tú Ìbejì. Ìyá Àbàtà ló ń so wọ́n padà. Lọ béèrè odò rẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra, kò fẹ́ kí atẹ́gùn kan ara òun.”

Mo dé àbàtà náà, níbi tí igbó ti pàdé ilẹ̀ oko, nígbà tí oòrùn wà lókè. Ìdajì rẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ́ omi rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sun ún, wọ́n kọ ebè sórí rẹ̀. Bí mo ṣe fi ẹsẹ̀ kan ìdajì tó kù, ilẹ̀ gbá mi mú títí dé ìbàdí, obìnrin kan sì dìde láti inú ẹrẹ̀. Ó dúdú, ó gbòòrò, kò ní imú nítorí kì í mí, inú rẹ̀ wú bíi ti aláboyún, ó sì ń gúnfẹ̀ láìdákẹ́.

“Ọmọ èèyàn,” ló wí, “ṣé ẹ tún gbé àpò wá?”

“Rárá, ìyá. Ọdẹ ni mí.”

“Ìwọ náà máa jẹrà. Gbogbo yín lẹ máa ń jẹrà. Ewé, òkú ẹran, ìgbẹ́, ohun gbogbo tó bá jẹ Ìbejì, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀ nígbẹ̀yìn. Èmi ni mò ń so apá wọn pọ̀, tí mò ń tú wọn sílẹ̀ kí wọ́n padà sójú ọ̀run. Àwọn kékeré ń tú, èmi ń so. Báyìí la ṣe ń ṣe é kí wọ́n tó tẹ ìlú yín dó. Ẹ wá ń tú ju ohun tí mo lè so lọ, ẹ tún gé ìdajì ara mi. Ó dáa, wọ́n ní wọ́n bi ọ́ ní ìbéèrè kan. Ta ló pa odò yín?”

Ẹrẹ̀ ti dé àyà mi. Ọgbọ́n máa ń tètè dé báyìí. “Ẹni tó bọ́ ọ ni, ìyá.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Àjẹkì ló pa á. Oúnjẹ inú àpò tí òjò wọ́ kúrò lẹ́sẹ̀ àgbàdo, odò ló jẹ ẹ́. Ewé inú omi yó, wọ́n pọ̀, wọ́n bo ojú oòrùn, wọ́n sì kú. Àwọn tó ń jẹ òkú wọn ló mí gbogbo atẹ́gùn tó wà nínú omi tán. Ẹja kú sínú omi bí ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí bo imú rẹ̀. Èyí tí mi ò bá sì rí so tún ń lọ sínú kànga yín lábẹ́lẹ̀, ọmọ ọwọ́ ló sì máa kọ́kọ́ fara gbá a.” Ó gúnfẹ̀, ó sì fà mí sísàlẹ̀ díẹ̀ sí i. “Ó tó gẹ́ẹ́. Dákẹ́, kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára rẹ.”

Èmi Ọdẹ́níran, mo rí ikú, mi ò sì bá a ṣàwàdà. Ọ̀rọ̀ olórí àwọn kékeré ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo fi ẹnu ìbọn mi gún ẹrẹ̀, mo yọ ohun tó dí ihò ìdí ìbọn náà, mo fi ẹnu sí i, mo sì fẹ́ atẹ́gùn gba inú rẹ̀ lọ títí ojú mi fi fẹ́ yọ. Ẹrẹ̀ hó gùdùgùdù. Atẹ́gùn rìn ín lára bí ìka ọmọdé, ó rìn ín lábẹ́ apá, Ìyá Àbàtà yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó ń sọ pé, “Dá a dúró, dá a dúró, ó ń rìn mí,” ọwọ́ rẹ̀ sì tú lára mi. Mo fò jáde. Ṣòkòtò mi ò bá mi jáde. Láti orí ilẹ̀ líle ni mo ti dojú kọ ọ́, mo ní, “Ìyá, mo jẹ́jẹ̀ẹ́ fún yín, ẹ máa gba ìdajì ara yín padà.” Lẹ́yìn náà ni mo sá eré tí mi ò sá fún ẹkùn.

Ewé kókò ni mo so mọ́ ìbàdí. Mo gba orísun kọjá, mo sì tọ odò bọ̀ wálé lọ́tẹ̀ yìí, ojú mi sì rí i kedere. Láti orísun, omi náà mọ́ gaara, ẹja ń ṣeré nínú rẹ̀. Ó mọ́ bẹ́ẹ̀ títí ó fi dé ibi tí gọ́tà oko kan ti ṣàn bọ́ sínú rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ni. Àgbàdo oko náà ga, ó tutù, hóró funfun funfun wà lórí ilẹ̀ láàárín ebè bí ẹni wọ́n iyọ̀. Ọlátẹ́jú àna mi ló dúró sẹ́nu gọ́tà náà, àpò ajílẹ̀ òyìnbó wà léjìká rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo rọra ṣe é nítorí ewé kókò.

Ó wo ewé náà. “Àna mi, ṣòkòtò yín dà?”

“Ó wà lọ́wọ́ obìnrin kan nínú àbàtà, sà.”

“Ṣé Àyọ̀ká àbúrò mi mọ̀ nípa obìnrin yìí?”

Mo jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò sì yọ ibi ìtọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo parí, mo ní, “Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ẹ kàn wo òkè odò, kí ẹ wá wo ìsàlẹ̀.” Ó wo òkè. Ó wo ìsàlẹ̀. Ó sọ àpò kalẹ̀, ó jókòó lé e lórí, ojú rẹ̀ sì di ti àgbàlagbà.

“Àgbàdo oko yìí ni ìlú jẹ lọ́dún tí òjò kọ̀,” ló wí.

“Mo jẹ nínú rẹ̀, sà. Mi ò sẹ́.”

“Kí lẹ fẹ́ kí n sọ níwájú Baálẹ̀?”

“Mi ò ní kẹ́ ẹ sọ nǹkan kan. Èmi máa mú wọn wá síbí, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i.”

Mo lọ, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Ọkọ́ díẹ̀ ló máa gbà á láti dí gọ́tà yẹn pa, mi ò sì ní lè pe àna mi ní òpùrọ́ ní gbangba. Ọjọ́ ọjà ni mo kó Baálẹ̀ àtàwọn ìjòyè lẹ́yìn gba etí odò. Baálẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀, a fà á yọ, ó tún rì, àwọn èèyàn méjì tó fà á náà sì rì. Nígbà tí a fi máa dé oko, kò sẹ́ni tí fìlà rẹ̀ ṣì mọ́. Àna mi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́. Kò dí gọ́tà náà. Ó ti gbẹ́ ẹnu rẹ̀ fẹ̀ sí i, ó ti la koríko tó bò ó, kí gbogbo wa lè rí ibi tí omi mímọ́ ti pàdé omi ewé.

“Baálẹ̀,” ló wí, kò sì gbójú sókè, “èmi ni mo pariwo jù pé kí Ìyá Ẹfúnyẹmí lọ. Ẹ wò ó. Odò mọ́ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi.”

Ìyá Ẹfúnyẹmí ti di gbogbo ìkòkò rẹ̀ sínú koríko gbígbẹ nígbà tí a dé ilé rẹ̀. Baálẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó gùn. Ìyá náà jẹ́ kó sọ ọ́ tán. “Ó mú mi pẹ́ kí n tó di ẹrù yìí,” ló wí. “Ta ló máa tú u?” Baálẹ̀ Adégoróyè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń tú ìkòkò lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá sì jókòó sórí àpótí, ó ń sọ ibi tó máa gbé wọn sí fún un. Baálẹ̀ fọ́ ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun rẹ́rìn-ín.

Ẹ má rò pé odò gbádùn lọ́jọ́ náà. Ó pẹ́. Àna mi dá ìdajì àbàtà tí oko rẹ̀ ti gbà padà, ó fi koríko àti igi sílẹ̀ létí odò, ó ń gbin ẹ̀wà àti òtílí sáàárín àgbàdo. Ajílẹ̀ inú àpò, ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀díẹ̀ ló ń bò mọ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀ àgbàdo báyìí, kì í sì í dà á nígbà tí òjò bá ṣú. Lọ́dún àkọ́kọ́, àgbàdo rẹ̀ kò ga tó ti tẹ́lẹ̀, ó sì rí i dájú pé mo gbọ́ nípa rẹ̀ nígbà gbogbo tí a bá pàdé. Àyọ̀ká ń fi ààrò rẹ̀ sun iṣu.

Ọ̀pọ̀ òjò rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ní àárọ̀ kan, àna mi kan ilẹ̀kùn mi, kò sọ ohun tó fẹ́, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. A lọ dúró sí bèbè. Ojú oró ti ya sọ́tùn-ún sósì, ihò omi mímọ́ kan wà láàárín, kò fẹ̀ ju ẹní lọ. A dúró títí. Nǹkan kan yọ ẹnu láti ìsàlẹ̀, ó mí, ó fi òrùka omi sílẹ̀, ó padà wọlé. Mo ya ẹnu kí n sọ̀rọ̀. Ọlátẹ́jú fi ọwọ́ kàn mí léjìká, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ń sùn.

“Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún Baálẹ̀. Wọ́n á ní ká mú un wá kí wọ́n fi se ọbẹ̀.”